Kámẹ́rà Kékeré Tí Kò Yéé Mì: Mọ́nópọ́ọ̀dù, Stabilizer Onírin àbí Gimbal Oníná?

Ẹni tó ń ta stabilizer, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń pa mímì kámẹ́rà, yóò tètè sọ iye kílò tó lè gbé fún yín. Iye tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ó kéré tán, kó tó lè dúró dáadáa ni kì í sọ. Bẹ́ẹ̀ iye kejì yìí gan-an ló ń kó bá ẹni tó ní kámẹ́rà fífúyẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú kámẹ́rà Sony ZV-E10 ṣe àpẹẹrẹ. Gíráàmù 343 ni, tòun ti bátìrì àti káàdì. Lẹ́ǹsì mílímítà 16-50 tó máa ń bá a wá jẹ́ gíráàmù 116. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì kílò. Glidecam HD-2000, stabilizer onírin kan, ńkọ́? Kámẹ́rà tó wọn pọ́n-ùn 2 sí 6 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 900 sí kílò 2.7. Ẹni tó bá gbé ZV-E10 lé e bẹ́ẹ̀ lásán, ìdajì ìwúwo tó yẹ kó gbé lé e ló gbàgbé sílé. Bí fídíò bá wá ń jó bí imọ̀ ọ̀pẹ, kámẹ́rà ni yóò máa bú.

Ìwúwo ló ń mú nǹkan jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ti rí i: ìgbì tó ń gbé ọkọ̀ apẹja sókè sódò, ọkọ̀ tó kó yanrìn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó kọjá. Àmọ́ kì í ṣe ìwúwo nìkan, ibi tí ìwúwo náà wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ẹ wo ẹni tó ru pákó gígùn lérí àti ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù kan. Bí ẹrù wọn bá tilẹ̀ wúwo bákan náà, oníbúlọ́ọ̀kù á yí padà kíá, onípákó á rọra yí. Bí ẹ bá gbé irin kan kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí àárín, tí ẹ fi sí sẹ̀ǹtímítà 10, agbára tó ń fi kọ̀ láti yí yóò di ìlọ́po mẹ́rin, láìfi gíráàmù kan kún un. Ọ̀fẹ́ ni èrè yìí, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí owó tó jáde lápò, ẹ gbé kámẹ́rà yín sórí òṣùwọ̀n bí ẹ ṣe máa ń lò ó gan-an, tòun ti lẹ́ǹsì, bátìrì, káàdì àti máíìkì orí rẹ̀. Òṣùwọ̀n oníná tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, torí òun la ó máa fi bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé ó kéré jù fún un, àbí ó pọ̀ jù?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ irú mímì tó ń bá yín jà, torí mẹ́ta ni wọ́n. Èkíní ni ti ẹsẹ̀: kámẹ́rà ń lọ sókè sódò bí ẹ ṣe ń rìn. Èkejì ni ti ọwọ́: kámẹ́rà ń dà sọ́tùn-ún, sósì, ó ń tẹríba, ó ń gbórí sókè. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀rọ: ìgbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó máa ń wá láti ara jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tàbí súkúrù tí kò fún. Kò sí irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sàn. Bí ẹnì kan bá ní tòun wò ó, ẹ mú owó yín dání.

Owó wá kẹ́yìn, kì í sì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ ṣírò bátìrì kejì, irin tí ẹ ó fi kún un, owó ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà bó bá bàjẹ́, àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó ń ya fídíò ní Ẹ̀pẹ́ tún gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́ta kún un: atẹ́gùn ọ̀sà, iná tó lè lọ nígbàkigbà, àti èrò tó ń fẹ́jìká kan ẹni lóde.

Ọwọ́ lásán

Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹ fi okùn kámẹ́rà kọ́rùn, ẹ ti kámẹ́rà síwájú títí okùn yóò fi le, ẹ wá fún ìgunpá mọ́ ìhà. Ó di ibi mẹ́ta tó mú un: ọwọ́ méjèèjì àti ọrùn. Fún ọ̀rọ̀ àgbà kan lórí ìjókòó, tàbí ẹ̀gbẹ́ aláṣọ ẹbí tó dúró sójú kan, èyí tó.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó wà nínú kámẹ́rà yín. ZV-E10, A6400 àti Canon M50, kò sí èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ń rìn láti fi pa mímì nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Active lára ZV-E10, etí àwòrán ló ń gé dànù kó lè ráyè gbé àwòrán síbí sọ́hùn-ún. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀ yóò wá dà bí èyí tó há. Bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mímì ti ẹsẹ̀ á fara hàn kedere.

Mọ́nópọ́ọ̀dù

Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, kò gbówó lórí, kò ní bátìrì, kò sí ohun tó ṣòroó tún ṣe lára rẹ̀. Mímì ti ẹsẹ̀ kú pátápátá nítorí ilẹ̀ ló gbé kámẹ́rà. Ohun tó kù ni kó máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ní ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta nísàlẹ̀ sì ń dín ìyẹn kù. Lábẹ́ kánópì tí wọ́n pa sórí yanrìn, ẹsẹ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn máa ń rì, nítorí náà ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan tẹ́ ẹ.

Àléébù kan ṣoṣo ló kan kámẹ́rà fífúyẹ́: bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì láti bẹ̀rẹ̀ tàbí láti dá a dúró, orí òpó á gbọ̀n. Ẹ fi rímóòtù tàbí fóònù tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá kan kúrò níbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fídíò.

Ọgbọ́n kan wà tí owó rẹ̀ kéré: ẹ gbé mọ́nópọ́ọ̀dù kúrò nílẹ̀, ẹ fà á gùn dé ìdajì, kí ẹ sì dì í mú pẹ̀lú ìka mẹ́ta nísàlẹ̀ kámẹ́rà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti dọ́gba. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ti di ìwúwo tó jìnnà sí àárín, bíi pákó orí ẹni yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kó ṣe fún yín, kì í ṣe ìjáde ìyàwó látilé dé gbọ̀ngàn.

Stabilizer onírin

Èyí ni ìran Glidecam àti àwọn tó jọ ọ́: ọwọ́ ìdìmú kan, oríkèé kan tó ń yí sí gbogbo ọ̀nà, òpó, àwo kámẹ́rà lókè, irin ìwọ̀n nísàlẹ̀. Kò mu iná. Bó bá dọ́gba, àwòrán rẹ̀ máa ń léfòó bí ẹyẹ, kì í sì í gan bíi ti gimbal oníná. Òun náà ló ń fìyà jẹ kámẹ́rà fífúyẹ́ jù, nítorí náà a ó dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ìwúwo kún òkè. Ọ̀pọ̀ ń ṣàṣìṣe níhìn-ín: wọ́n rí i pé kámẹ́rà ń dà, wọ́n bá ń to irin sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ wúwo ju òkè lọ, gbogbo rẹ̀ di agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fì. Ohun tí ẹ nílò ni pẹlẹbẹ irin lábẹ́ kámẹ́rà. Irin tó nípọn mílímítà 4, tó gùn sẹ̀ǹtímítà 15, tó fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 470. Ẹ fi gíráàmù 459 ti ZV-E10 àti lẹ́ǹsì rẹ̀ kún un, ẹ ti kọjá gíráàmù 900. Wẹ́dà èyíkéyìí lè gé e láti ara irin àjẹkù. Aluminíọ̀mù kò dára fún èyí. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta ti irin, ẹ ó sì nílò pẹlẹbẹ tó nípọn bí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ihò méjì ni wọn yóò lu. Èyí tí súkúrù kámẹ́rà yóò gbà kọjá, kó jẹ́ mílímítà 6.5 tàbí 7. Èyí tí yóò so ó mọ́ orí stabilizer ni kí wọ́n fi táàpù gé eyín sí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí: súkúrù kámẹ́rà jẹ́ íǹṣì 1/4, eyín 20 sí íǹṣì kan. Bóòtù M6 tó wà ní gbogbo ìsọ̀ irin jọ ọ́, yóò tilẹ̀ wọlé ní ìyí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ni yóò gé eyín kámẹ́rà yín dànù. Kó má sì wọnú kámẹ́rà ju mílímítà 4.5 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ti ìdí kámẹ́rà lu. Ẹ fáìlì etí irin náà, ẹ kùn ún kó má dípẹtà, ẹ lẹ awọ tín-ín-rín mọ́ orí rẹ̀. Tín-ín-rín ni mo wí. Ẹni tó bá fi rọ́bà túùbù onípele méjì sáàárín, kámẹ́rà rẹ̀ yóò máa jó lórí rọ́bà, mímì tuntun ló fowó ara rẹ̀ rà yẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dọ́gba, ẹ ṣe kámẹ́rà bí yóò ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́: bátìrì àti káàdì nínú, ìdérí lẹ́ǹsì kúrò, ojú kámẹ́rà (ibi tí ẹ ti ń wo àwòrán) ní ṣíṣí bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó, zoom lójú kan. Lẹ́ǹsì 16-50 máa ń yọ síta bí ẹ bá tan kámẹ́rà, nítorí náà ẹ tàn án kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi irin ìwọ̀n díẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún àti òsì: ibi tí òpó bá tẹ̀ sí, ẹ ti kámẹ́rà sí òdìkejì, mílímítà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá wo iwájú àti ẹ̀yìn. Nígbà tí òpó bá dúró ṣánṣán, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ka iye àáyá tó gbà kó tó padà dé ìnàró. Àáyá 2 sí 3 ló dára. Bó bá sáré dé láàárín àáyá kan, ìsàlẹ̀ wúwo jù: ẹ yọ irin kan, tàbí kí ẹ dín gígùn òpó kù. Bí kò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rárá, tàbí tó fẹ́ dojú délẹ̀, ẹ fi irin kan kún un. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ti àwọn irin ìsàlẹ̀ sí ìpẹ̀kun, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n jìnnà sí òpó bákan náà. Ẹ ó rí i pé kámẹ́rà kò yára yí mọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún gbé e, àtàǹpàkò àti ìka méjì ọwọ́ òsì kan òpó lábẹ́ oríkèé bí ẹni tó mú ẹyin. Ẹni tó bá gbá a mú ti sọ ọ́ di ọwọ́ lásán. Ẹni tó bá sì fi í sílẹ̀ pátápátá lórí Marina Ẹ̀pẹ́ nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń fẹ́, ojú kámẹ́rà tó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò di ìgbòkun fún un. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, ẹ sún ìka mọ́ òpó díẹ̀ sí i.

Ìnira rẹ̀ kò pamọ́: kámẹ́rà, pẹlẹbẹ, irin ìsàlẹ̀ àti stabilizer fúnra rẹ̀ lè kọjá kílò méjì lórí ọrùn ọwọ́ kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ya díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ìdánrawò, ìdajì wákàtí lójúmọ́, ni mo lè fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ti gba owó lé lórí.

Gimbal oníná

Mọ́tò mẹ́ta ló ń ṣe ohun tí ìwúwo ń ṣe lára onírin, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fífúyẹ́ fi bá a mu jù. Mímì ti ọwọ́ parí. Ẹni tó rà á lánàá lè ya ohun tó ṣe é wò lónìí. Òun náà ló sì wọ́n jù nínú èyí tí ọ̀pọ̀ olúfídíò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là rìn.

Ẹ má ra èyí tó tóbi ju kámẹ́rà yín lọ nítorí ọjọ́ iwájú. DJI RS 3 Mini ń gbé dé kílò 2. RS 3 Pro ń gbé dé kílò 4.5. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún kílò mẹ́rin, tí wọ́n gbé ìdajì kílò lé, agbára rẹ̀ lè pọ̀ jù fún ẹrù ọwọ́ rẹ̀: yóò máa kùn wìnnìwìnnì, ìgbọ̀n náà yóò sì wọnú àwòrán. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún agbára mọ́tò ṣètò fúnra rẹ̀ láti inú àkójọ ìtò rẹ̀, tàbí kí ẹ fọwọ́ dín in kù títí kíkùn náà yóò fi dákẹ́. Ẹ wo súkúrù àwo náà. Àwo tó mì díẹ̀ lásán ń jọ àìsàn mọ́tò, ọ̀pọ̀ gimbal tí wọ́n gbé lọ fún àtúnṣe ni kò ní ju ìyẹn lọ.

Ẹ bá a dọ́gba kí ẹ tó tan iná rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìtẹríba ni ẹ ó kọ́kọ́ wò: ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ iwájú, lẹ́yìn náà ẹ dojú rẹ̀ kọ òkè, kó dúró níbi tí ẹ bá fi í sí. Títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. Yíyí yíká ló kẹ́yìn: ẹ dagun ìdìmú díẹ̀, bí apá bá fì lọ, ẹ kò tíì ṣe tán. Mọ́tò lè gbé ohun tí kò dọ́gba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yóò máa gbóná, bátìrì á sì tètè tán. Okùn máíìkì tàbí HDMI tó le ń fa apá náà. Ẹ lo èyí tó rọ̀, ẹ sì fi í sílẹ̀ láìfà á le.

Ohun tí gimbal kò lè wò ni mímì ti ẹsẹ̀. Orókún ni yóò wò ó: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí àtàǹpàkò tẹ̀ lé e. Nínú ọkọ̀ ojú omi ẹ̀wẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń yí tàbí tó ń sáré, gimbal lè ṣi ilẹ̀ mọ̀, kí ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í dagun nínú àwòrán. Orí ilẹ̀ tó dúró ni kí ẹ ti ṣe ìtòdọ́gba rẹ̀, kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ẹ bá sì ń lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀, ẹ pa ìdúróṣinṣin inú kámẹ́rà àti ti lẹ́ǹsì, nítorí awakọ̀ méjì kì í di ìdarí kan mú.

Níbi èrò, bí ìgbà ọdún Kayokayo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rù apá rẹ̀ ń bà mí. Ẹnì kan fẹ́jìká kàn án, mọ́tò á ké, á sì sùn. Onírin á fì, á sì padà. Bí bátìrì gimbal bá kú, igi lásán lẹ dì mú, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á bóyá bátìrì rẹ̀ ṣe é yọ.

Apá oníspríìngì àti aṣọ àyà

Ẹ ó wọ aṣọ náà sáyà, apá oníspríìngì tó so mọ́ ọn ni yóò sì gbé kámẹ́rà. Èyí nìkan ló ń pa mímì ti ẹsẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ń rìn. Kámẹ́rà sinimá tó wúwo ni Garrett Brown, oníkámẹ́rà ará Amẹ́ríkà, ro nígbà tó gbé Steadicam, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979. Spríìngì rẹ̀ ní ìwúwo tó gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ó kéré tán. Kámẹ́rà ìdajì kílò yóò ga sókè bí ẹni gbé ike òfìfo. Kí ẹ tó rí ìwúwo tó tó, ẹ ti ru ẹrù oníkámẹ́rà ńlá. Ẹ fò ó.

Kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́

Gyroflow, ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa mímì fídíò, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè lo àkọsílẹ̀ ìṣípòpadà tí ZV-E10 ń fi sínú fídíò, bí ẹ bá pa Active àti ìdúróṣinṣin lẹ́ǹsì. A6400 kò ní àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ gbé shutter, ìyára tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/100 àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kọ̀ǹpútà lè tún ibi tí àwòrán wà ṣe, kò lè nu ohun tó ti fọ́ lójú. Etí àwòrán yóò gé pẹ̀lú. Alátìlẹ́yìn ni, kò rọ́pò ìkankan.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń ya ìpàdé, ìwàásù àti àpèjẹ oníwákàtí mẹ́rin, mọ́nópọ́ọ̀dù ni. Kó fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì.

Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó fún owó, tí ìyàwó ń wọlé, tí alága ń pariwo, tí kò sí pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún wọlé, gimbal kékeré ni, pẹ̀lú mọ́nópọ́ọ̀dù nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ tí bátìrì bá dalẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ máa yá a.

Ẹni tó ń ya ọjà ẹja Olúwo láàárọ̀, etí ọ̀sà, ọdún ìbílẹ̀, tó ní sùúrù àti ọrùn ọwọ́, onírin ni, bí kò bá ti kọ̀ láti gé pẹlẹbẹ irin yẹn. Ẹni tí kò ní gé e, kó má ràá.

Ẹni tí fóònù jẹ́ kámẹ́rà rẹ̀, gimbal fóònù ni kó wá. Fóònù orí onírin ńlá tún fúyẹ́ ju ZV-E10 lọ, ẹ sì ti mọ bí ìyẹn ṣe ń parí.